Ojú Yẹn Kò Sanra

Nígbà tí ojú Màmá Morọ́láyọ̀ yọ lórí tẹlifíṣọ̀n sítúdíò wa, Alàgbà Silas ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ lu itan rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo Màmá bí wọ́n ṣe sanra. Ara wọn tutù."

Àwọn ará kọmití ìjọ tó kù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó jọ pé oúnjẹ ọ̀run dára." Ernest, ọ̀gá mi, ẹni tó ni sítúdíò, ló rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé oníbàárà ń rẹ́rìn-ín.

Hephzibah kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ Màmá. Ó jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó wo tẹlifíṣọ̀n náà títí àkọlé fi kọjá, ó wá dìde.

"Ojú yẹn kò sanra," ó ní. "Ó wú."

Ó jáde. Mo gbọ́ tó dá ọlọ́kadà dúró lójú títì Kachia, mo gbọ́ tí ọ̀kadà náà gbéra. Alàgbà Silas ní ọ̀fọ̀ ló ṣì ń dà á láàmú, kí a fi í sílẹ̀, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n fọwọ́ sí fídíò náà, wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ.

Inú bí mi débi pé mi ò lè tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kíndìnrín ló pa Màmá Morọ́láyọ̀. Ó gba ọdún kan àbọ̀ kó tó pa wọ́n. Èèyàn tínínrín ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn hàn, ọrùn wọn gùn. Nígbà tí àìsàn náà wọ̀ wọ́n lára, ojú wọn wú, ìpéǹpéjú wọn wú títí wọn ò fi lè lajú tán láàárọ̀. Àwọn tó wá kí wọn, tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, a máa sọ pé, "Màmá, ẹ mà ti sanra o." Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìwúrí ni àwọn ń sọ. Ní oṣù tó kẹ́yìn, Màmá ní kí Hephzibah yọ dígí kúrò nínú yàrá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn ní fọ́tò mọ́. Wọ́n ní, "Tí mo bá lọ, ẹ má fi ojú yìí rántí mi."

Hephzibah ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó mú fọ́tò wá. Inú àpòòwé ló fi fọ́tò náà sí, ó tún fi ọ̀rá wé àpòòwé. Fọ́tò ọdún 1984 ni. Màmá dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ aṣọ akọrin funfun, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni pé kámẹ́rà ṣi orin kọ. Mo wo fọ́tò náà, mo ní, "Bí wọ́n ṣe rí níbí gan-an ni gbogbo Kaduna máa rí wọn." Èmi kì í ṣèlérí fún oníbàárà. Ọjọ́ yẹn mo ṣe é.

Ẹgbẹ́ akọrin obìnrin tí Màmá dá sílẹ̀ ní ìjọ wa ló pé ogójì ọdún, lọ́dún 2006. Kọmití ra ààbọ̀ wákàtí lórí tẹlifíṣọ̀n, ọjọ́ Sunday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dé sítéṣọ̀n kí aago méjìlá ọ̀sán Friday tó lù. Tí kò bá dé, wọ́n á gbé nǹkan mìíràn sí àyè wa. Ọjọ́ Wednesday ni Alàgbà Silas sọ pé Màmá sanra. Àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ fídíò. Lọ́dún 2001 ni mo wá rán kọ́tìnì sí sítúdíò Ernest ní Sabon Tasha, mi ò sì padà lọ. Mo rí i tí wọ́n ń gé àwòrán, tí wọ́n ń so ó pọ̀, mo sì rí i pé bí a ṣe ń gé aṣọ tí a ń so ó pọ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tẹ èyí, ó bàjẹ́. Mo tẹ ìyẹn, ó dára. Mo kọ èyí tó dára sínú ìwé ìwọ̀n mi, láàárín àyà Ìyá Dominic àti apá aṣọ Patience.

Lọ́dún 2003 mo ṣe fídíò ìgbéyàwó kan, mo ya òrùka méjì sí àkọlé rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, òrùka náà rí rìbìtì. Nígbà tí a fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nílé ìyàwó, ìyá ìyàwó ní, "Kí ni ẹyin méjì yìí ń ṣe níbí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì lọ sílé lọ fi ìdérí ìkòkò mi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Mo fi ìdérí náà kọ́ ògiri, mo fi kámẹ́rà yà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ìdérí náà dúró gbọọrọ bí ẹyin tí a gbé nàró. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó rí rìbìtì. Kámẹ́rà kò ṣi nǹkan kan ṣe nìyẹn. Èmi ni mo ṣì í. Mo mú téèpù ìránṣọ, mo wọn èyí, mo wọn tọ̀hún, mo ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mo rí nìyí. Àwòrán fídíò, ẹyọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò ó pọ̀, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ìbú ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti òró rẹ̀ dọ́gba. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹyọ yẹn kan náà fẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Ohun tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí kọ̀ǹpútà, mẹ́rìndínlógún ló máa jẹ́ tó bá dé orí tẹlifíṣọ̀n. Òró rẹ̀ kò ní yí padà. Aránṣọ mọ nǹkan báyìí. Aṣọ tó bá ń fà, a kì í gé e bí ara ṣe fẹ̀. A máa ń gé e kí ó kéré sí ara, kí ara fúnra rẹ̀ fà á dé ibi tó yẹ. Ara la ń gé aṣọ fún, kì í ṣe tábìlì.

Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ ṣe àkọlé, màá kọ́kọ́ ṣe é ní 768 ní ìbú, 576 ní òró, màá rí i pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà màá fún ìbú nìkan pọ̀ di 720, mi ò ní fọwọ́ kan òró. Yóò rí tínínrín lórí kọ̀ǹpútà, yóò sì rí bó ṣe yẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo wa ní sítúdíò la mọ̀ pé àwọn tí kámẹ́rà bá yà máa ń rù lórí kọ̀ǹpútà. Ernest a tiẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní kọ̀ǹpútà òun ń gba ààwẹ̀ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ronú débi lẹ́tà àti fọ́tò tí a fi ọwọ́ wa gbé sínú rẹ̀.

Èmi ni mo ń ṣe àkọlé títí Ernest fi gba Tolúwaṣẹ síṣẹ́. Tolúwaṣẹ ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ lẹ́tà. Lẹ́tà rẹ̀ lẹ́wà ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Òun ló ṣe àkọlé ètò yìí: báàjì ìjọ lápá òsì, fọ́tò Màmá lápá ọ̀tún, orúkọ ẹgbẹ́ akọrin nísàlẹ̀.

Nígbà tí kọmití lọ tán ní ọjọ́ Wednesday náà, mo lọ bá a.

"Tolú, báwo lo ṣe wọn àkọlé yẹn?"

"720 sí 576, Àǹtí. Ohun tó wà nínú ìwé kámẹ́rà nìyẹn."

"Iye ẹyọ ni ìwé kámẹ́rà sọ. Kò sọ bí ẹyọ ṣe fẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí àga rẹ̀ sí mi. "Àǹtí Ìbí, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Nínú iṣẹ́ ọnà, ojú ẹni tó ń wo nǹkan ló ń fún nǹkan náà ní ìtumọ̀. Ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín àyè àti ìrísí..."

Mi ò rántí ìyókù. Ó gùn. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ojú Màmá ṣì wú.

"Dìde, kí o wá wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n," mo ní.

"Gbogbo kọmití ti wò ó, Àǹtí. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀."

Ernest gbọ́ wa láti inú yàrá rẹ̀. Ó yọ orí, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí. "Ìyá Ọ̀rẹ́, haba. Àwọn èèyàn ń wá bí wọ́n ṣe máa sanra nínú fọ́tò, ìwọ ń wá bí o ṣe máa dín wọn kù."

"Hephzibah ní ó wú, Ọ̀gá."

"Ṣé Hephzibah ló gbé iṣẹ́ wá? Alàgbà ló gbé e wá. Alàgbà ní ó dára."

"Alàgbà kọ́ ni Màmá bí, Hephzibah ni."

"Ṣùgbọ́n Hephzibah kọ́ ló bí ìyá rẹ̀," Ernest ní, ó sì wọlé padà. Tolúwaṣẹ rẹ́rìn-ín. Mo mú báàgì mi, mo lọ sílé, nítorí pé ohun tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn kì í ṣe ohun tí ìyá ọmọ ń sọ níbi iṣẹ́.

Ní Thursday, mo dé ṣáájú wọn. Mo tan jẹnẹrétọ̀ fúnra mi. Mo tún fọ́tò Màmá gbé sínú kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lo lẹ́tà Tolúwaṣẹ, mi ò yí ọ̀kankan padà, mo lo báàjì ìjọ, mo ṣe ojú àkọlé náà ní 768, mo fún un di 720. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo lẹ téèpù mọ́ ojú rẹ̀. Báàjì náà jẹ́ íǹṣì méje àbọ̀ ní òró, íǹṣì méje àbọ̀ ní ìbú. Mo pe Hephzibah lórí fóònù.

Ó wá láti Ungwan Boro kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kò fẹ́ jókòó. Mo mú àwòrán náà dúró lórí tẹlifíṣọ̀n, mo sún sẹ́yìn. Ó wò ó pẹ́.

"Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nìyẹn," ó ní, "tí mo bá ṣi orin kọ."

Ó wá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nìyẹn, Ìyá Ọ̀rẹ́. Mo ti ń gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn." Ó nu ojú. "Ṣé èyí ni wọ́n máa gbé jáde?"

"Èyí ni."

Ìgbà kejì tí mo ṣèlérí fún un nìyẹn.

Mo so àkọlé náà mọ́ iwájú ètò, mo tún so ó mọ́ ìparí, níbi tí ojú Màmá ti máa padà yọ. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Barakallahu, nítorí pé ọmọ oníbàárà wa kan, Hameedat, ń ṣe ìgbéyàwó yìgì níbẹ̀, èmi ni mo sì máa ń ya tàwọn obìnrin. Iṣẹ́ yẹn gbà mí títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò padà sí sítúdíò lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà.

Ní Friday, mo wọlé ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Alàgbà Silas ti jókòó, ó wọ kóòtù, ó lẹ báàjì ìjọ mọ́ àyà. Kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì nínú páálí rẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ ètò sí i. Tolúwaṣẹ ń mu tíì. Inú Ernest dùn.

"Ìyá Ọ̀rẹ́, o fẹ́ kó bá mi o," ó ní. "Mo ṣí kọ̀ǹpútà lánàá, kí ni mo rí? Màmá bí ẹni tí ebi ń pa. Ọrùn bí ọrùn lékeléke. Ọpẹ́lọpẹ́ Tolú tó tún un ṣe."

"Ó tún un ṣe báwo?"

"Mo kàn fẹ̀ ẹ́ títí báàjì fi padà rí rìbìtì," Tolúwaṣẹ ní.

"Rìbìtì lójú kí ni?"

"Lójú kọ̀ǹpútà, Àǹtí. Ojú wo ló tún kù?"

Mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà lórí tábìlì, mo gbé e sórí àga, mo jókòó lé e.

Alàgbà Silas wo Ernest, ó wò mí.

"Arábìnrin, dìde."

"Mi ò dìde, Alàgbà."

"Ernest, kí ló ń ṣe òṣìṣẹ́ rẹ?"

Ernest sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi Hausa bẹ̀ mí bó ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá le: "Don Allah, Ìyá Ọ̀rẹ́. Don Allah." Alàgbà ni mo kọjú sí. Mo sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín fún un. Mo sọ bí wọ́n ṣe yọ dígí kúrò nínú yàrá Màmá. Mo sọ ohun tí Màmá wí pé kí wọ́n má fi ojú yẹn rántí àwọn. Mo ní ojú yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé wọ ilé gbogbo ayé ní aago mẹ́rin Sunday. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́.

Alàgbà Silas wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó ti kú kì í wo tẹlifíṣọ̀n," ó ní.

"Ọmọ wọn ń wò ó."

"Ọmọ wọn á gbàgbé. Ìtàn ẹgbẹ́ là ń sọ, kì í ṣe ìtàn ojú ẹnì kan. Dìde, jẹ́ kí n máa lọ, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà lórí afárá."

Mo mọ̀ pé tí mo bá tún la ẹnu, màá bú u, wọ́n á sì fi èébú náà ṣe ẹjọ́, wọ́n á gbàgbé ojú Màmá pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo rí báàjì tó wà láyà rẹ̀.

"Alàgbà," mo ní, "ta ló ya báàjì ìjọ?"

Ó gbé àyà sókè. "Èmi ni. Lọ́dún 1988. Kọ́ńpáàsì ni mo fi yà á."

"Rìbìtì ni?"

"Rìbìtì ni, Arábìnrin. Òbìrìkìtì tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní òpin. Ó dúró fún ayérayé, ó dúró fún ìṣọ̀kan àwọn ènìyàn mímọ́, ó dúró fún..."

"Ó ti di ẹyin."

Ó bojú wo báàjì àyà rẹ̀.

Mo dìde, mo fi kásẹ́ẹ̀tì há abẹ́ apá. Mo ní kí Tolúwaṣẹ gbé àkọlé rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, kó dá a dúró síbẹ̀. Mo lọ sídìí sítóòfù tí a fi ń se nǹkan lẹ́yìn sítúdíò, mo mú ìdérí ìkòkò mi wá, èyí tí mo fi ń ṣe ìwádìí láti ọdún 2003. Mo gbé e lé ojú tẹlifíṣọ̀n, lórí báàjì. Lókè, ìdérí náà bá etí báàjì mu. Nísàlẹ̀, ó bá a mu. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, báàjì yọ jáde lẹ́yìn ìdérí, ní ìdámẹ́rin íǹṣì níhìn-ín, ní ìdámẹ́rin íǹṣì lọ́hùn-ún.

"Gbà, Tolú." Mo ju téèpù sí i. "Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. "Méje àbọ̀ ní òró," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mẹ́jọ ní ìbú."

Alàgbà Silas dìde. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ gbé e lé ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó sún un sọ́tùn-ún, ó sún un sósì. Báàjì ń yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀.

"Ernest," ó ní, "kí lo fi báàjì ìjọ ṣe?"

"Alàgbà, kọ̀ǹpútà ni..."

"Bíṣọ́ọ̀bù máa wo ètò yìí. Wọ́n pe ìjọ mẹ́fà kí wọ́n wò ó. Ẹ fẹ́ kí n gbé báàjì tó rí bí ẹyin adìẹ síwájú Bíṣọ́ọ̀bù?" Ohùn rẹ̀ ga sí i. "Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń tọ́jú báàjì yìí. Ẹ tún un ṣe. Kíá."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tó jìyà ọdún kan àbọ̀, wọ́n wo aago. Mo sọ ọ̀rọ̀ báàjì, wọ́n dìde.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ti tọ́jú àkọlé tèmi sí ibòmíràn, mo fi orúkọ Hephzibah pè é, nítorí pé aránṣọ tó gbọ́n máa ń tọ́jú ìwọ̀n. Mo yọ ti Tolúwaṣẹ kúrò níwájú, mo yọ ọ́ kúrò ní ìparí, mo fi tèmi rọ́pò. Ernest dúró sẹ́yìn mi, ó wo Màmá tó rí tínínrín lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣùgbọ́n ó rù," ó ní.

"Ọ̀gá, ẹ yí orí yín. Tẹlifíṣọ̀n wà lọ́hùn-ún."

Ó yí orí rẹ̀.

Ààbọ̀ wákàtí gbáko ni ètò náà gbà kó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì tuntun tán, kò sí bí èèyàn ṣe lè yá a lára. Alàgbà rìn lọ, ó rìn bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ hó, mo sì ń gbàdúrà kó má kú. Tolúwaṣẹ fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo Màmá, ó ń wo báàjì.

"Mi ò wò ó níbí rí, Àǹtí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"768 lẹ pè é?"

"768. Kí o fún un di 720. Má fọwọ́ kan òró."

Ó kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo rí i, inú mi kò sì rọ̀. Ká ní ó ti dìde lórí àga yẹn wò ó kí kọmití tó dé ní Wednesday ni, Hephzibah kì bá tí tún rí ojú yẹn.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alàgbà gba kásẹ́ẹ̀tì, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Kò kí mi. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó pe Ernest pé òun ti dé sítéṣọ̀n, wọ́n ti gbà á.

Ní ọjọ́ Sunday mo lọ sílé Hephzibah ní Ungwan Boro. Mo fẹ́ wà níbẹ̀, yálà ó dára tàbí ó burú. Àwọn obìnrin mẹ́rin kún pálọ̀, aládùúgbò ni wọ́n. Iná kò sí, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Aago mẹ́rin lù. Ìpolówó ọṣẹ kọjá, ti ìyẹ̀fun kọjá, ojú Màmá sì yọ.

Hephzibah wà lórí ilẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ mi. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá rù nínú fọ́tò yìí o," ó ní.

"Wọn ò rù," Hephzibah ní. "Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn."

Obìnrin náà tún wò ó. Ọdún tó kẹ́yìn nìkan ló mọ Màmá. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n lẹ́wà tó báyìí," ó ní.

A ń wo ètò náà lọ. Àwọn akọrin kọrin, Alàgbà Silas sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, fóònù mi dún. Alàgbà ni.

"Arábìnrin," ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Báàjì náà jáde dáadáa. Rìbìtì. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

"Ojú Màmá ńkọ́, Alàgbà?"

"Ojú wo?"

Mo pa fóònù. Hephzibah ti gbé ojú sókè sí mi.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Mo rò ó bóyá kí n purọ́. Irọ́ kì í yọ lẹ́nu mi dáadáa.

"Wọ́n ní báàjì rí rìbìtì."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú Màmá ti padà yọ fún ìparí, pẹ̀lú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn àti ọrùn gígùn yẹn, wọ́n tẹjú mọ́ gbogbo wa bí ẹni tó fẹ́ bá wa wí.

"Ẹ jẹ́ kó rí rìbìtì," Hephzibah ní. "Ojú ìyá mi kò rí rìbìtì."